Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ WAEC ní Yábàá: Ẹ Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa Láti Sọ Ohun Tí Àtẹ Ń Wí

Sí Olórí Ẹ̀ka Nàìjíríà àti gbogbo Ìgbìmọ̀ Ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà,
Òpópónà Hussey, Yábàá, Èkó.

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Kò sí àdúgbò kan ní Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, láti Ọ̀yìngbò títí dé Múṣin, láti Ìdí-Òrò títí dé Láwánsìn, tí a kò ti mọ orúkọ yín, tí ìyá kan kò sì ti kúnlẹ̀ gbàdúrà nítorí ìwé tí ẹ óò fi ọwọ́ sí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: òwe yìí ni ó gbé mi dìde tí mo fi mú kálàmù, kì í ṣe pé mo fẹ́ kọ́ yín ní iṣẹ́ tí ẹ ti ń ṣe kí a tó bí púpọ̀ nínú wa. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá, òun náà ni pé kí ẹ fi kíka àtẹ àti gíráàfù, àti sísọ ohun tí a rí nínú wọn ní gbólóhùn tí ó já gaara, kún ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ń ṣe fún àwọn ọmọ wa ní ìparí ilé ẹ̀kọ́ girama.

Bí ẹ bá jáde ní ọ́fíìsì yín, tí ẹ gba Tèjúoṣó kọjá, tí ẹ sì forí lé Ojúẹlẹ́gba, ẹ óò rí ìwé pélébé pélébé tí a lẹ̀ mọ́ òpó iná, mọ́ ògiri àti mọ́ gèètì ilé onílé, tí wọ́n ń polówó ibi tí a ti ń múra ènìyàn sílẹ̀ fún ìdánwò IELTS. Àwọn tí ń wọ́ lọ síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe òpè. Nọ́ọ̀sì tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn ńlá Ìdí-Àràbà wà nínú wọn. Ẹni tí ó gba oyè ní Yunifásítì Èkó ní Àkọkà wà nínú wọn. Ẹni tí ó jáde ní Yaba Tech, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí a dá sílẹ̀ ní 1947, kò gbẹ́yìn. Gbogbo wọn ni ó ti gba kírẹ́díìtì yín nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì rí, síbẹ̀ bí ẹ bá bi wọ́n pé apá wo ni ó ń bà wọ́n lẹ́rù jù nínú ìwé kíkọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni yóò dá yín lóhùn pé àwòrán tí a ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ túmọ̀ ni.

Ó yẹ kí n ṣe àlàyé ìdánwò náà fún àwọn òǹkàwé tí kò mọ̀ ọ́n. Láti 1989 ni IELTS ti wà. British Council, ilé-iṣẹ́ IDP àti ẹ̀ka ìdánwò Yunifásítì Cambridge ni wọ́n jọ ni ín. Ọ̀nà méjì ni ó pín sí. Ẹni tí ń wá ìwé ìgbélùú Kánádà nítorí iṣẹ́ a máa ṣe èyí tí a ti ń kọ lẹ́tà, lẹ́tà kíkọ kò sì ṣòro fún ọmọ wa, nítorí ẹ ti fi tọ́ ọ dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń lọ kàwé ní yunifásítì, àti nọ́ọ̀sì tí ó bá yan IELTS láti fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti àwọn ọ̀mọ̀wé ni tiwọn. Wákàtí kan ni a fi ń kọ̀wé níbẹ̀, iṣẹ́ méjì ni a sì ń ṣe. Ìkejì jẹ́ àròkọ tí kò gbọ́dọ̀ dín ní 250 ọ̀rọ̀, máàkì rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Àkọ́kọ́ náà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Task 1, kò gbọ́dọ̀ dín ní 150 ọ̀rọ̀, a sì ń gba ènìyàn níyànjú pé kí ó má fi ju ìṣẹ́jú 20 lọ ṣe é. Níbẹ̀ ni a ti ń gbé àwòrán síwájú ẹni: ọ̀pá gíga àti ọ̀pá kúkúrú tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìlà tí ń gòkè tí ń sọ̀ kalẹ̀, òbìrí tí a pín sí ìpín ìpín, àtẹ tí òǹkà kún inú rẹ̀, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a lè ya bí a ti ń ṣe ohun kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tàbí máàpù ìlú kan ní àná àti lónìí. Olùdánwò kò béèrè ìdí, kò béèrè ìmọ̀ràn, kò sì fẹ́ mọ èrò ọkàn ẹni. Ohun tí ó fẹ́ kò ju pé kí a sọ èyí tí ó ṣe kókó nínú ohun tí ojú rí, kí a sì fi ọ̀kan wé èkejì níbi tí ìfiwéra bá ti yẹ.

Owó tí a ń san fún ìdánwò yìí ju owó oṣù méjì lọ fún òṣìṣẹ́ tí ń gba 70,000 náírà tí òfin fi ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ láti 2024, èsì rẹ̀ kì í sì í ṣe é lò ju ọdún méjì lọ. Ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ń béèrè 7 nínú kíkà, nínú gbígbọ́ àti nínú sísọ. Ti ìwé kíkọ nìkan ni wọ́n dín kù sí 6.5 ní 2018. Ẹni tí ó bá bọ́ sí 6 nítorí gíráàfù kan tí kò mọ bí a ti ń bá a sọ̀rọ̀, yóò tún lọ yá owó ni, tàbí kí ó ká ìwé rẹ̀ sínú àpótí kí ó sì gba kádàrá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ó wà nílé ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní a ya ọ̀pá mẹ́ta síwájú ọmọ kan láti fi iye àwa ọmọ Nàìjíríà hàn gẹ́gẹ́ bí ìjọba ti kà wá: mílíọ̀nù 55.7 ní 1963, mílíọ̀nù 89 ní 1991, mílíọ̀nù 140.4 ní 2006. Ọmọ tí a kò kọ́ yóò to òǹkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ lé ara wọn, lẹ́yìn èyí ni yóò wá ṣí ẹnu ìwàásù: yóò ní ìkóbìnrinjọ ni ó fà á, yóò ní kí ìjọba tètè pèsè iṣẹ́, yóò sì fi ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ kádìí rẹ̀. Bóyá òótọ́ tilẹ̀ wà nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí àwòrán náà wí. Ọmọ tí a kọ́ yóò wò ó títí, yóò sì sọ pé iye wa ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọdún 43 náà, àmọ́ pé ìdàgbà ọ̀hún kò rin ìrìn kan náà, nítorí ọdún 28 gbáko ni a fi rí nǹkan bí mílíọ̀nù 33 kún ara wa, nígbà tí ó jẹ́ pé ọdún 15 péré tí ó tẹ̀ lé e ni a fi rí ohun tí ó ju mílíọ̀nù 51 lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ayàwòrán lè gbé ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró ní àlàfo kan náà lórí ìwé, kí ojú sì rò pé ìgbà kan náà ni ó wà láàárín wọn. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ba ka ọdún tí a kọ sí ìdí wọn nìkan ni kò ní ṣìnà. Ọgbọ́n tí mo ń wí nìyẹn. Kì í ṣe ọgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ọgbọ́n ojú ni, ọgbọ́n òdodo sì ni pẹ̀lú.

Kí ló dé tí ọgbọ́n yìí fi ṣòro fún ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ pé? Apá kan nínú rẹ̀ wá láti inú bí a ti tọ́ wa. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi: ẹ̀kọ́ rere ni èyí láàárín ìbátan àti aládùúgbò, ṣùgbọ́n olùdánwò tí ó jókòó sí ìlú òkèèrè kì í ṣe ìbátan wa, odindi ni ó fẹ́, kò sì ní bá wa parí àbọ̀ tí a bá fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ sọ láàárín wa ni ẹni tí ó lè fi ẹ̀kọ́ dì í, tí ó lè fi ìyànjú dì í, tí gbogbo ìjókòó yóò sì pàtẹ́wọ́ fún. Gbogbo ẹwà wọ̀nyí ni Task 1 ní kí a bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí a tó wọlé.

Apá tí ó pọ̀ jù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú, wá láti inú ohun tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ wọn. Nínú ìwé ìdánwò yín, àròkọ márùn-ún ni a máa ń fi síwájú ọmọ kí ó mú ọ̀kan, kí ó fi nǹkan bí 450 ọ̀rọ̀ dá a lóhùn: lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀rọ̀ àpéjọ, ìtàn tí ó kádìí sí òwe kan, àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìlú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gíráàfù, ọ̀dọ̀ olùkọ́ Ìṣirò ni ó ń gbé. Níbẹ̀ ni a ti ń ní kí ọmọ ya ọ̀pá àti òbìrí, kí ó wá àròpín, kí ó fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn, kí ó sì dákẹ́. Nínú Ọrọ̀-Ajé a óò gbé àtẹ kan fún un, a óò ní kí ó yọ òǹkà kan kúrò nínú òmíràn, ó sì parí. Olùkọ́ Ìṣirò kò béèrè gbólóhùn lọ́wọ́ rẹ̀, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò fi òǹkà hàn án, ọmọ wá dàgbà tán, ó mọ bí a ti ń ya ohun tí kò lè sọ. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè mú àwọn olùkọ́ méjèèjì bá ara wọn pàdé, nítorí gbogbo wa mọ̀ pé ohun tí WAEC bá béèrè ni ilé ẹ̀kọ́ ń kọ́.

Nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ kò kọ́ ọ, ọ̀nà àbùjá ti pọ̀ ní ìgboro. Àwọn olùkọ́ rere wà ní Yábàá àti Sùúrùlérè tí wọ́n ń fi sùúrù kọ́ni láti wo àwòrán kí a tó kọ ọ̀rọ̀, mo sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń ta gbólóhùn àkọ́sórí fún akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí wọ́n ní yóò bá àwòrán yòówù mu, yálà ti òjò tàbí ti epo rọ̀bì. Àwọn olùdánwò mọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ti rí i, kì í sì í mú máàkì wá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a bá kàn dà kọ láti inú ìbéèrè kì í sí nínú iye tí a ń kà. Ẹni tí ó kọ́ gbólóhùn sórí kò tí ì kọ́ bí a ti ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ó fi 20 lé àti ohun tí ó lé títí tí ó fi dé 20, àṣìṣe kékeré yìí sì tó láti ba gbogbo ìdáhùn jẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé kí ni a ń fi ìdánwò òyìnbó dá ara wa lágara sí. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣe é gbé sọnù. Kí a tó dá ìgbìmọ̀ yín sílẹ̀ ní 1952, Cambridge ni ó ń dán àwọn bàbá àti ìyá wa wò ní Igbobi College, ní CMS Grammar School àti ní Queen's College. A dá yín sílẹ̀ kí ọmọ adúláwọ̀ lè jókòó síwájú olùdánwò tí ó mọ ilé rẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ wọn sì tún ti padà lọ jókòó síwájú Cambridge kan náà. Ní 2021, àwọn ọ̀dọ́ Policy Shapers, tí Ebenezar Wikina jẹ́ aṣáájú wọn, kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń béèrè ìdí tí Jàmáíkà àti Gùyánà fi wà nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí kò nílò ìdánwò èdè, tí Nàìjíríà kò fi sí níbẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba wa ń lò, òun náà ni ilé ẹ̀kọ́ wa ń lò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó fọwọ́ sí i, èmi náà sì rò pé ẹ̀bẹ̀ wọn tọ́. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí a bá fẹ́ kí ayé gba kírẹ́díìtì yín ní ẹ̀rí tí ó tó, ó yẹ kí ó jẹ́rìí sí gbogbo ohun tí yunifásítì ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ, kíka òǹkà kí a sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ sì wà lára rẹ̀ níbi gbogbo.

Ẹ má sì rò pé nítorí àwọn tí ń jápa nìkan ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Àwa tí a kò ní lọ síbì kan ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Àjọ Ìṣirò orílẹ̀-èdè wa, NBS, sọ pé ọ̀wọ́n gógó ọjà jẹ́ 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kejìlá 2024. Nígbà tí ó di ti oṣù Kìíní 2025, wọ́n ní ó ti di 24.48. Bí a bá ya èyí, ìlà náà yóò já wálẹ̀ bìrí. Àwọn kan yọ̀ pé ọjà ti rọ̀, àwọn ìyá wa ní Tèjúoṣó sì ń wò pé ta ni ń purọ́, nítorí kóńgò gààrí kò wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Irọ́ kọ́. Ọdún tí àjọ náà fi ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò ni wọ́n yí padà, láti 2009 sí 2024, wọ́n sì tún ìwọ̀n ohun tí à ń rà ṣe. Ìlà méjì tí a fi òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fà kò ṣe é so pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni. Bí ìwọ̀n ọ̀wọ́n gógó bá tilẹ̀ wálẹ̀ ní tòótọ́, ohun tí ó ń wí ni pé owó ọjà ṣì ń gòkè, àmọ́ tí kò yára bíi ti tẹ́lẹ̀. Mélòó nínú àwọn tí ó gba kírẹ́díìtì yín ni ó lè ṣe àlàyé yìí fún ìyá rẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta? Olóṣèlú tí ó mọ̀ pé a kò lè kà á yóò máa ya ohun tí ó wù ú fún wa, àwa yóò sì máa ṣe àmín.

Ọgbọ́n yìí a tilẹ̀ máa gba ẹ̀mí là. Nígbà tí Florence Nightingale, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, ti ogun Kírímíà dé, àwòrán ni ó fi han àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1858 pé àrùn tí ìmọ́tótó lè dá dúró pa àwọn ọmọ ogun ju ọgbẹ́ ojú ìjà lọ, ó sì kọ àlàyé tí ó ṣe kedere mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àràbà tí ó bá lè ṣe irú rẹ̀ nípa ibà tàbí nípa ikú àwọn aboyún yóò gba ẹ̀mí là níhìn-ín gan-an, bí kò tilẹ̀ gun ọkọ̀ òfurufú rí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọgbọ́n yìí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ìlú Alájọ Ṣómólú ni à ń gbé, ọkùnrin tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń fi orí rẹ̀ pípé dá àṣà, pé ó gba àjọ fún ọdún mẹ́ta láì kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì ṣi owó ẹnì kan san. Ẹ mú káàdì àjọ fún ìyá aláta kan ní Ọ̀yìngbò tí kò rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, ẹ ní kí ó sọ bí oṣù ṣe rí. Kò ní ka àpótí orí káàdì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún yín. Yóò ní òun dá a pé ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, pé ọ̀sẹ̀ kẹta dákẹ́, pé ìparí oṣù sàn ju àárín lọ, àti pé ní àpapọ̀, oṣù náà kò tó ti èṣí. Ohun tí Cambridge ń pè ní ìdáhùn tí ó péye nìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ ni kò tí ì sọ fún ọmọ ìyá náà pé ohun tí ìyá rẹ̀ mọ̀ ni a óò bi í.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́lá, mo pín ẹ̀bẹ̀ mi yìí sí orí mẹ́ta. Ìkíní, ẹ fi ìbéèrè kan kún ìwé Gẹ̀ẹ́sì yín, tí yóò gbé àtẹ tàbí gíráàfù kan kalẹ̀, tí yóò sì béèrè àlàyé tí kò ju 150 tàbí 200 ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ èyí tí ọmọ lè yàn ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kéde rẹ̀ pẹ̀lú àpẹẹrẹ ní àsìkò tí àwọn olùkọ́ yóò fi lè múra. Kò béèrè kọ̀ǹpútà, kò béèrè iná mànàmáná. Bébà, rúlà àti òǹkà òtítọ́ tó o, irú iye òjò tí ó rọ̀ ní Èkó ní oṣù kọ̀ọ̀kan, tàbí owó ọkọ̀ láti Múṣin dé Yábàá, tàbí iye àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò yín fúnra yín. Ìkejì, nígbà tí ẹ bá ń máàkì, ẹ fún ọmọ tí ó rí kókó ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, kí ẹ sì gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tí ó bá sọ ohun tí àwòrán kò wí, bí ó ti wù kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dùn tó. Ìkẹta, ẹ fi irú ìbéèrè kan náà sínú ìwé Yorùbá, Ìgbò àti Hausa, nítorí ọmọ tí ó bá lè sọ ọ́ ní èdè ìyá rẹ̀ ti gba ìdajì ọ̀nà, ìyá rẹ̀ yóò sì lè jókòó tì í gbọ́.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má dúró de ìgbìmọ̀. Ìwé ìròyìn tí ó bá ya ọ̀pá tàbí ìlà, ẹ mú un fún ọmọ yín lálẹ́ yìí, kí ẹ bi í pé kí ni ó rí, èwo ni ó ga jù, èwo ni ó yí padà, kí ni àwòrán náà kò sọ. Bí ó bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwàásù, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù dá a padà sí ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́lá ní Yábàá, ìbéèrè kan ṣoṣo nínú ìwé yín yóò ṣe ju gbogbo ìwé pélébé tí a lẹ̀ mọ́ òpó iná lọ. Ẹ fi kún un.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ èdè kan ní Sùúrùlérè.